Ọkọ̀ Òfì Tó Kọjá Lẹ́nu Sonba

Lọ́jọ́ tí èéfín kọ̀ tí kò jáde ní Parel, àwọn kannakánná ló kọ́kọ́ fura. Láti ìgbà tí àwọn olówó ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sí apá ibẹ̀ ní ìlú Bombay, kò sí òwúrọ̀ tí fèrè kì í ké kí ilẹ̀ tó mọ́, tí èéfín dúdú kì í bo ojú ọ̀run, tí èérún òwú kì í bà sórí ewé igi. Ṣùgbọ́n lówúrọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ roro. Àwọn kannakánná ń fò lọ fò bọ̀ lókè àwọn ilé-iṣẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń han gooro. Àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olówó ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣọ́ òfì tí ẹni méjì ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ pé òun rí iṣẹ́ ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kó ọlọ́pàá sí gbogbo oríta.

Níwájú ẹnubodè Ilé-iṣẹ́ Jugaldas, èrò pọ̀ bí omi. Àwọn ọkùnrin wé láwàní pupa àti funfun, wọ́n ká ìdí dótì wọn, ìró funfun tí ọkùnrin ibẹ̀ ń ró, sókè bí ẹni tó fẹ́ ja ìjàkadì. Àwọn obìnrin ta sárì wọn gba àárín ẹsẹ̀, wọ́n ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀yìn, wọ́n di bákrì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà, àti àlùbọ́sà sínú aṣọ, torí wọn kò mọ ìgbà tí àwọn yóò padà sílé. Lórí kẹ̀kẹ́ màlúù kan tí wọ́n tú màlúù rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ẹ̀wù funfun tó ti ṣá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Moreshwar Agashe ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Moropant ni gbogbo Parel ń pè é. Bramini ni, ìran tí wọ́n kà sí mímọ́ jù lọ, ọmọ ìlú Pune, ọmọ ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ àlùfáà ní ìwé mímọ́. Ó kàwé lọ́yà, ó sì ju ẹ̀wù lọ́yà nù kí ó tó gbó lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun kò lè máa bá olówó gbèjà ilẹ̀ nígbà tí ẹni tó hun aṣọ tí olówó wọ̀ ń sùn lórí àkìsà. Ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, Alágbàṣe ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ ìwé ìtàn nípa àwọn tó ń kú sídìí ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó jáde, ó tún ń sọ ọ́. Gbólóhùn kan nínú ohun tó kọ, àwọn tí kò mọ ìwé kà pàápàá mọ̀ ọ́n sórí: "Òógùn kò ní ẹ̀yà. Gbogbo ẹni tó bá ń làágùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹnu sì dùn-ún ròfọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Moropant jókòó sí yàrá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù oní-tíì, Sonba sì wọlé wá. Mahar ni Sonba, ìran tí àwọn yòókù kì í fọwọ́ kàn. Òun ni gbogbo àwọn Mahar tó ń rànwú ní Jugaldas ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Irun ètè rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí.

"Mo fẹ́ kí yín ní Johar," ni Sonba wí láti ẹnu ọ̀nà, "bí bàbá mi ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá yín. Mo wá rántí pé ẹ ní kò dáa."

"Ẹ fi Johar sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n Sonba. Ram Ram la ń kí ara wa níbí."

"Ó dáa, Ram Ram. Á máa ya òrìṣà Ram náà lẹ́nu pé àwa náà mọ orúkọ òun." Ó jókòó. "Moropant, àwọn èèyàn mi rán mi. Wọ́n ní kí n bi yín, kí ni tiwa nínú ìjà yìí?"

"Ohun tó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́, tiyín ni."

"Ilé òfì ńkọ́?"

Ní gbogbo Parel, Mahar lè rànwú, ó lè gbálẹ̀, ó lè gbé ẹrù tó máa ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ilé òfì, níbi tí owó iṣẹ́ gbé nípọn. Ìdí rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ òfì, igi ṣóńṣó tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ, ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òwú inú rẹ̀ bá tán, ahunṣọ á ki òmíràn bọ̀ ọ́, á gbé ihò náà sẹ́nu, á fà á ṣìn-ìn, òwú á sì yọ. Ọkọ̀ kan kì í sì í ṣe ti ẹnu ahunṣọ kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló ń lò ó yípo. Àwọn Marata, ìran tó ga ju Mahar lọ tó ń hunṣọ, ní àwọn kò lè fi ẹnu àwọn kan itọ́ Mahar láéláé.

Dhondiba, olórí àwọn ahunṣọ, wà nínú yàrá náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Marata ni, ó ti ja ìjàkadì rí, ọrùn rẹ̀ sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó gbé àwo tíì náà kalẹ̀.

"Sonba, o mọ̀ pé mi ò bá ẹ jà. Ìyà kan náà ló ń jẹ wá. Ṣùgbọ́n itọ́ ni itọ́."

"Tiyín ńkọ́? Oyin ni?"

"Tiwa mọ́."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Dhondiba kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín jáde. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Moropant, ẹ gbọ́ mi o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ka ilé òfì mọ́ ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ olówó, lọ́jọ́ kejì ni àwọn ahunṣọ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní lè dá wọn dúró."

"Tí ẹ ò bá sì kà á mọ́ ọn, àwa náà á padà," ni Sonba wí. "A ò lè máa febi pa ọmọ wa nítorí ilé tí wọn ò ní jẹ́ ká wọ̀."

Moropant wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bí àwọn ahunṣọ bá padà, ìjà ti tán. Bí àwọn Mahar bá padà, òwú á wà, bí òwú bá sì wà, àwọn olówó á rí ẹni tí yóò hun ún. Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá tóóró náà, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti rí ọ̀nà kan, ọ̀nà náà sì rẹwà lójú rẹ̀.

"Dhondiba, ta ló mọ́ jù nínú àwa mẹ́ta tá a wà níbí?"

"Ẹ̀yin ni. Bramini kúkú ni yín."

"Tí èmi Bramini bá gba ọkọ̀ òfì lẹ́yìn tí Sonba ti fi ẹnu fà á, tí mo gbé e sẹ́nu tèmi lójú gbogbo ayé, ṣé àwọn èèyàn yín á ní àwọn mọ́ jù mí lọ?"

Dhondiba họ orí. Ó tún họ ọ́. "Tí Bramini bá ṣe é... Áà. Ẹnu wa á wọlé. Èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ lé yín."

"Ẹ búra."

"Mo fi orí ọmọ mi búra."

Inú Moropant dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ Sonba. Ṣùgbọ́n Sonba kò tíì dìde, ó ń wò ó.

"Moropant, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ dá ara yín lójú? Ẹ ti wá sílé wa, ẹ ti jókòó lórí ẹní wa, ẹ ti bá àwọn ọmọ wa ṣeré. Ẹ ò tíì mu omi wa rí."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí ni, ẹ̀gbọ́n."

"Háà! Ní Bombay? Nínú oòrùn yìí?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ti Moropant ló pẹ́ jù.

Nígbà tó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún Umabai ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ti ja àjàṣẹ́gun. Umabai ń ya ẹ̀wà nínú atẹ, kò gbójú sókè.

"Bàbá Kusum, ẹnu yín ni, ẹ fi ṣe ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n omi tí mo bù fún yín láàárọ̀ yìí, kí ló dé tí ẹ fi dà á nù?"

"Omi wo?"

"Èyí tó wà nínú ife bàbà. Obìnrin tó ń fọ ilé ìgbẹ́ wa ń kọjá lọ, sárì rẹ̀ fẹ́ẹ́ kan ife náà. Mo rí yín. Ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn."

"Èmi kọ́, Umabai. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Umabai wò ó báyìí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Moropant bínú, ó wọ yàrá lọ láti kọ̀wé. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, kò rántí omi náà lóòótọ́. Nílé bàbá rẹ̀ ní Pune, bó bá ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ̀ á bọ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á fọ síléètì rẹ̀, á fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, á nu owó ẹyọ tó bá ti ọjà bọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n fi tọ́ni dàgbà kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni kí ó tó jáde.

Ọjọ́ ìpàdé ńlá náà pé, pápá tó wà lẹ́yìn Jugaldas kún fọ́fọ́. Àwọn ahunṣọ jókòó síwájú, àwọn tó ń pa aṣọ láró tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ wọn aláwọ̀ búlúù kò ṣeé fi pa mọ́. Àwọn Mahar jókòó lápá òsì, àlàfo ilẹ̀ kan sì wà láàárín àwọn àti àwọn yòókù tí ẹnikẹ́ni kò pa á láṣẹ, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Bhagirathi ìyàwó Sonba ti fọ dótì ọkọ rẹ̀ títí ó fi funfun báláú, ó sì ra aṣọ láwàní tuntun fún un. Ó jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin, ó gbé ọmọ wọn obìnrin sórí itan kí ọmọ náà lè ríran dáadáa.

Moropant gun kẹ̀kẹ́ màlúù. Ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́, ó sọ̀rọ̀ lórí ebi, ó wá na ọwọ́ sí Sonba, Sonba sì gùn ún tọ̀ ọ́ wá. Pápá pa rọ́rọ́. Ẹni kan gbé ọkọ̀ òfì tuntun wá. Sonba ki òwú bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré, ó gbé ihò rẹ̀ sẹ́nu lábẹ́ irun ètè rẹ̀, ó fà á. Òwú funfun náà yọ jáde. Àwọn Mahar hó yèè, àwọn obìnrin wọn fi ahọ́n lu ẹnu. Sonba yíjú sí Moropant, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọkọ̀ òfì náà fún un, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

Moropant fi ọwọ́ òsì gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká etí dótì rẹ̀ sókè, ó fi nu ojú ihò náà, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún nù ún. Ó wá gbé e sẹ́nu, ó fa òwú náà jáde, ó nà án sókè lójú oòrùn kí gbogbo ayé rí i.

Ó ń retí igbe ayọ̀. Igbe náà kò wá. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí Dhondiba fi bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

"Ó nù ún! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rí nǹkan? Bramini fúnra ẹ̀ nù ún!"

Ẹ̀rín bẹ́ láàárín àwọn ahunṣọ, ó ràn bí iná ọyẹ́. "Ẹ fún wa láṣọ ìnukọ̀!" ni ẹnìkan ń kígbe. Òmíràn ní, "Ẹ kọ́kọ́ nu Mahar kó tó wọlé!" Dhondiba na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Mo búra pé màá tẹ̀ lé e. Màá tẹ̀ lé e! Ẹ jẹ́ n wá aṣọ tó mọ́ ná!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

Moropant wo ọwọ́ ara rẹ̀. Etí dótì rẹ̀ ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Ojú tì í, ó tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, kò ní dúró kí ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ibi tí àwọn Mahar jókòó sí. Kò sí ẹni tó ń pariwo níbẹ̀. Bhagirathi ti yí ojú ọmọ rẹ̀ sí àyà ara rẹ̀.

Sonba gba ọkọ̀ òfì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé e sórí pákó kẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹ ṣeun, Moropant," ni ó wí, kò sì sọ ọ́ sókè. "Ẹ gbìyànjú."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Àyè ṣì wà. Ká ní Moropant kígbe níbẹ̀ pé, "Mo ti ṣẹ̀, ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe," bóyá ìtàn yìí ìbá gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Moropant ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn Mahar padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn gba ẹnubodè wọlé láàárọ̀, èéfín sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní Jugaldas. Àwọn tó kù ń bi Moropant pé kí ló dé. Gbogbo wọn mọ ohun tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá ẹni tí yóò sọ òmíràn fún wọn. Moropant jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ìtìjú náà ń jó o nínú bí ata. Bó bá gbé kálàmù, etí dótì yẹn ni ó ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òtítọ́, ó ya á. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ya á. Níkẹyìn, ó kọ nǹkan tó rọrùn. Ó kọ ọ́ sínú Alágbàṣe pé àwọn olówó ti ra àwọn Mahar, pé Sonba ló ta àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹní ta ewúrẹ́. Èdè rẹ̀ dùn púpọ̀. Kò tíì kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹyin lohùn, ìwé náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Mahar ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn kan ti dúró dè wọ́n lẹ́nubodè, wọ́n ká Alágbàṣe sí abíyá, òkúta wà lọ́wọ́ wọn. Òkúta kan ba Sonba lójú ọ̀tún. Ojú náà kò ríran mọ́ láti ọjọ́ náà.

Moropant lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó gbọ́ ohùn Bhagirathi nínú, ó sì yí padà. Umabai ló padà lọ, ó gbé ìrẹsì àti wàrà dídì lọ. Nígbà tó dé, kò sọ ohun tó rí fún ọkọ rẹ̀, láti ìgbà náà kò sì ka ohunkóhun tí ọkọ rẹ̀ kọ mọ́.

Ìyanṣẹ́lódì náà ṣubú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ahunṣọ padà pẹ̀lú ọwọ́ òfo, wọ́n ń ṣọ́ òfì púpọ̀ sí i, owó wọn sì kéré sí i. Ilé òfì kò ṣí fún Mahar kankan.

Ọdún gorí ọdún. Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Íńdíà di ti ara rẹ̀, wọ́n dìbò, Parel sì dìbò yan Moropant sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Irun rẹ̀ funfun, ìwé rẹ̀ di ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà. Ìtàn ọkọ̀ òfì náà kò sì kú, ó kàn yí ẹ̀wù padà ni. Àwọn tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ń kú, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí dótì ń jábọ́ kúrò nínú rẹ̀, títí ó fi ku Bramini kan tó gba ọkọ̀ òfì lẹ́nu ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn, tó sì gbé e sẹ́nu ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. N kò bá wọn jiyàn. N kò kàn mọ̀ bóyá òtítọ́ mọ ọ̀nà Parel ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún fún un, Moropant kò lè sùn dáadáa mọ́. Ó pinnu pé lórí pèpéle, níwájú gbogbo èèyàn, òun yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó ronú pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ rí Sonba. Ó lọ síbi tí àwọn Mahar ń gbé ní Worli, ó gun àkàsọ̀ ilé Sonba dé òkè pátápátá, èémí rẹ̀ ń já.

Yàrá Sonba kún fún aṣọ funfun. Wọ́n nà án sórí okùn, wọ́n ká a sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún náà, àwọn Mahar láti gbogbo ilẹ̀ Marata ń lọ sí ìlú Nagpur láti kọ ẹ̀sìn tó pè wọ́n ní aláìmọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ funfun gba ọ̀nà Buddha. Bhagirathi ń lọ aṣọ, iná èédú ń ta pàrà nínú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Sonba jókòó lójú fèrèsé. Irun ètè rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló yí sí àlejò náà.

"Moropant. Ẹ̀yin rèé? Ẹ jókòó. Ẹ ti aṣọ yẹn sápá kan."

Moropant kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n Sonba, mo wá tọrọ àforíjì."

"Fún èwo nínú ẹ̀?"

"Fún pé mo nù ún."

Sonba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì ní ìkà nínú. "Èyíinì? Ọwọ́ lásán ni. Ọwọ́ ìyá yín ló nù ún, àti ti ìyá ìyá yín. Ó dùn mí o, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń dárí ẹ̀ jì yín lójú ọ̀nà ilé, kí n tó wọlé, mo ti sọ fún Bhagirathi pé ọkùnrin náà kò mọ̀ pé òun ṣe é. Àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀," ni Bhagirathi wí, kò yíjú.

"Èyí tí ẹ kọ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, ẹ ronú, ẹ kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì wá ọ̀rọ̀ tó dùn jù sí i."

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, etí dótì ni ó ń sunkún lé lórí. Ìwé náà, ó ti gbé e sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọkàn rẹ̀ níbi tí kò ti ní láti wò ó. Ojú tì í lọ́tun.

"Lọ́jọ́ Àìkú," ni ó wí, "wọ́n máa yìn mí. Mo fẹ́ dìde kí n sọ gbogbo ẹ̀. Nínù náà, àti ìwé náà, àti ojú yín."

"Tí ẹ bá sọ ọ́ tán, kí ni wọ́n máa ṣe?"

Moropant wo àwọn aṣọ funfun náà.

"Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ ni. Wọ́n á ní, ẹ wo ọlọ́kàn rere, ẹ wo onírẹ̀lẹ̀. Àwọn obìnrin á sunkún. Ẹ̀yin náà á lọ sílé, ẹ ó fi kọ ìwé, ìwé náà á sì dùn. Èmi á wá di iyọ̀ nínú ọbẹ̀ yín." Sonba mi orí. "Rárá o. Ẹ ti fi ojú mi kọ ìwé kan. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe, ẹ̀gbọ́n? Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ gbé e. Èmi náà ń gbé tèmi. Tí wọ́n bá ń yìn yín, ẹ jókòó kí ẹ máa gbọ́."

"Mo ti lọ aṣọ yín tán," ni Bhagirathi wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ wá wọ̀ ọ́ wò. Ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè wá."

Sonba dìde, ó na ọwọ́ sápá aṣọ náà. "Ẹ máa rọra sọ̀ kalẹ̀, Moropant. Àkàsọ̀ yẹn ò dáa." Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un, bí ẹni tó kàn rántí, "A ò bèèrè ilé òfì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n fi òdòdó mọ́ríigóòdù bo Moropant lọ́rùn títí ó fi kan etí rẹ̀. Ó wo inú èrò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò rí Mahar kan. Gbogbo wọn ti lọ sí Nagpur. Dhondiba ni wọ́n ní kó sọ ìtàn, nítorí òun nìkan ló kù nínú àwọn ahunṣọ tó wà níbẹ̀. Ó ti gbó, ọrùn ńlá náà ti rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ṣì wà.

"Ojú mi ló ṣe!" ni Dhondiba wí. "Bramini yìí gba ọkọ̀ òfì lẹ́nu Mahar! Ó gbé e sẹ́nu ara ẹ̀! Gbogbo àwa ahunṣọ, ẹnu wa wọlé." Ó yíjú sí Moropant, wọ́n wo ara wọn, àwọn méjèèjì tó mọ̀. Dhondiba sì rẹ́rìn-ín. "Moropant, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yìí. Ṣé ẹ̀rù ò bà yín lọ́jọ́ náà?"

Moropant dìde. Òtítọ́ kún ẹnu rẹ̀ dé eyín. Ó rántí ohun tí Sonba wí, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó ku ẹyọ kan tí kò lè gbé mì.

"Ó bà mí," ni ó wí.

Wọ́n dìde dúró fún un, gbogbo wọn pátá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.